Wọ́n ń yin ìkànnì mi, wọn ò rajà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtọ́kù, l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ àbúrò mi tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ló bá mi ṣe ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ará Èkó àti àwọn tó wà lókè òkun lè máa rajà láì wá sí ọjà. Mo fi í sí gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà. Gbogbo wọn ní ó rẹwà, wọ́n bá mi yọ̀, wọ́n ṣàdúrà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rajà, fóònù ló ń pè, tàbí kó kọ WhatsApp sí mi. Ilé-iṣẹ́ kan ní kí n san ₦150,000 kí àwọn fi bá mi yẹ ìkànnì náà wò fínnífínní. Ṣé kí n san án? Báwo ni mo ṣe lè rí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi nípa bó ṣe rí lójú àti bó ṣe rọrùn lò sí? (Ìyá Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè.

Àwọn tó yìn yín kò parọ́. Ẹ fi ohun tuntun han ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n sì ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ máa ń ṣe: wọ́n ní ẹ kú oríire, Olúwa á jẹ́ kó tà, á jẹ́ kó tọ́jọ́. Ta ló máa jáde síta nínú gúrúùpù tí èrò pọ̀ sí, kó ní bọ́tìnì yín ò ṣiṣẹ́, kó wá dà bí ẹni tó ń fojú ọmọ àbúrò yín gbolẹ̀? Ìkíni ni wọ́n kí yín. Ẹ má kà á sí àyẹ̀wò.

Tí ẹ bá fẹ́ òótọ́, ẹ má béèrè èrò ọkàn ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ rán wọn níṣẹ́ lórí ìkànnì náà, kí a wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, kí ẹni tó ń wò wọ́n sì dákẹ́. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Àmọ́ kí a tó débẹ̀, èsì kan ti wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò tíì kà sí èsì. Ẹ ṣí WhatsApp tí ẹ fi ń tajà, kí ẹ ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ lẹ́yìn "ẹ káàárọ̀ mà". Yáàdì mélòó ni? Èló ni? Ṣé kì í ṣí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà á níta, kí n rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Èló lẹ máa gbé e wá sí Ìkòròdú? Àkáǹtì wo ni kí n san án sí? Gbogbo ohun tí ẹni tó ti wo ìkànnì yín ṣì ń bi yín, ìkànnì náà kò sọ ọ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé ó sọ ọ́ síbi tí ojú kò lè tó o. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi yín gan-an, ẹ má tún un kọ lọ́nà tiyín. Èyí tó bá pọ̀ jù ni kí ọmọ yín kọ́kọ́ wá ojútùú sí.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tún un kọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an lẹ nílò. Bí ìkànnì bá kọ "Batik Collection" sókè, tí gbogbo oníbàárà sì ń béèrè kàǹpálà, ẹni tó ń wá kàǹpálà máa kọjá lórí rẹ̀ láì mọ̀ pé ohun tí òun ń wá rèé. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìkànnì fẹ́ràn "Lookbook" (ìwé àwòrán aṣọ) àti "Our Story" (ìtàn wa) púpọ̀. N kò tíì rí oníbàárà tó wọ ìsọ̀ aláṣọ tó ní kí wọ́n fún òun ní Lookbook.

Ó yá, iṣẹ́ tí ẹ máa rán wọn. Ẹ wá ènìyàn márùn-ún tí kò tíì rí ìkànnì náà rí, nítorí ẹni tó bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ irú ẹni tó ń ra aṣọ lóòótọ́: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, télọ̀, ìyàwó ilé tó ń kó aṣọ ẹbí jọ. Ẹ má pe àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín tí wọ́n jọ ń ṣe ìkànnì. Àwọn yẹn máa bá yín jiyàn lórí àwọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ lè ní ṣé márùn-ún tó. Ó tó láti bẹ̀rẹ̀. Jakob Nielsen, ọmọ Denmark tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ dídán ìkànnì wò, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ènìyàn márùn-ún máa ń tú bí 85 nínú ìṣòro 100 tó wà nínú ohun tí a ń dán wò jáde. Ìmọ̀ràn tó fi tẹ̀ lé e ló wù mí jù: dípò kí a kó ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká lo márùn-ún, ká tún ìkànnì ṣe, ká tún pe márùn-ún míì. Ó sì ní bí àwọn tó ń lò ó bá jẹ́ oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra wọn, a gbọ́dọ̀ dán an wò lọ́dọ̀ oríṣi kọ̀ọ̀kan. Tiyín rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní London kò ní há síbì kan náà.

Fóònù tiwọn ni kí wọ́n lò, pẹ̀lú dátà tiwọn, kí ẹ sì fi dátà náà ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn náà. Ẹ má gbé laptop ọmọ yín fún wọn. Ẹ wá rán wọn níṣẹ́ bí ayé ṣe ń rán ènìyàn: "Àbúrò yín ń ṣe ìgbéyàwó ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ fẹ́ ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún, kí wọ́n gbé e wá sílé yín. Ẹ rà á títí dé ibi ìsanwó." Ẹ má sọ pé "ẹ tẹ Shop, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Add to Cart". Ẹ ti fi ọ̀nà hàn wọ́n nìyẹn, kò sì sí ohun tí ẹ máa rí kọ́. Iṣẹ́ kejì lè jẹ́ pé kí wọ́n wá ibi tí ẹ ti sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí aṣọ tó dé bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rí nínú àwòrán. Méjì tó, ẹ má da orí wọn rú.

Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn jáde bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti 1982 tí Clayton Lewis ti kọ nípa ọ̀nà yìí ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń lò ó, kò sì tíì sí èyí tó dínwó tó o. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé. Ẹni tó bá ní "kí ni wọ́n ń pè ní checkout yìí gan-an?" ti bá yín ṣiṣẹ́ ńlá. Ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ìkànnì là ń dán wò, a ò dán wọn wò.

Ìṣòro kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sọ. Ẹ̀yin ni àgbà. Bí ẹ bá jókòó ti ẹni tó kéré sí yín, kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé òun ò mọ̀ ọ́n lò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fẹ́ bu ohun tí ẹ ṣe kù. Ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó máa ní "ó rọrùn mà", nígbà tí ìka rẹ̀ ti tẹ ibi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò ṣí. Nítorí náà, ẹ wá ẹlòmíì kó jókòó tì wọ́n, ẹni tó máa sọ pé "wọ́n ní kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò ni o, kì í ṣe tèmi". Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ àbúrò yín, nítorí ara rẹ̀ ò ní gbà á. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló lè gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú fóònù sílẹ̀ ní fídíò, pẹ̀lú ohùn. Kí onítọ̀hún gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọrọ àyè, ẹ̀yin á wá wò ó nílé.

Kò sì rọrùn láti dákẹ́. Ẹnu máa yún ẹni tó jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé "ṣé ibí ni kí n tẹ̀?", ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Ká ní ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé ńkọ́, ibo lẹ máa tẹ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn, kó panu mọ́.

Kí lẹ máa wò nínú fídíò náà? Ní ìsọ̀ yín, ẹ mọ oníbàárà tó fẹ́ rà nípa bó ṣe fọwọ́ pa aṣọ, kó tó dúnàá-dúrà rárá. Ìka máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí àtàǹpàkò ti dúró sókè tí kò mọ ibi tó máa balẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti tẹ àwòrán aṣọ kó lè tóbi, tí kò tóbi. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti padà sẹ́yìn.

Mo rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ kan, ti ìkànnì aláṣọ kan. Ẹni tó ń rajà ti yan aṣọ, ó ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, ó wá dé ibi ìsanwó. Ìkànnì náà ní àmì WhatsApp róbótó, aláwọ̀ ewé, tó máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ní gbogbo ìgbà. Lójú laptop ẹni tó ṣe é, òun àti bọ́tìnì ìsanwó jìnnà síra wọn gan-an. Lójú fóònù kékeré yẹn, ó gun orí bọ́tìnì náà, ọ̀rọ̀ "Pay" kò sì jáde tán. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́, WhatsApp ṣí. Ó padà, ó tún tẹ̀ ẹ́, WhatsApp tún ṣí. Ló bá ní, "Áà, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ ká kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ni," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "ẹ káàárọ̀ mà" sí aláṣọ náà. Aláṣọ yẹn ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀ pé àwọn oníbàárà òun fẹ́ràn WhatsApp ju ìkànnì lọ.

N kò sọ pé ohun tó ń ṣe tiyín nìyẹn o. Ó lè jẹ́ fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì. Àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun máa ń fi dandan béèrè "postcode" (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò), èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ sórí, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí ènìyàn kọjá tí kò bá kọ ọ́. Àwọn kan kì í gba nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, àfi +234. Àwọn míì kò ní àyè tí ènìyàn lè kọ "ẹ̀gbẹ́ ilé-epo, ojúlé kejì sí mọ́sáláṣí" sí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó ń gbé ọjà lọ nílò gan-an nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ owó ìgbérù. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Baymard ti Denmark ti ń ka iye àwọn tó kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì tí wọn ò sì sanwó. Ó máa ń tó bí 70 nínú 100, àfikún owó tó yọjú lójijì lẹ́yìn tí ènìyàn ti yan ọjà tán sì ni wọ́n ń rí lókè nínú ohun tó fà á. Ẹ kọ iye tí ìgbérù jẹ́ dé Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá sábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó máa sá tètè sá.

Ọ̀rọ̀ káàdì náà ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ yín rí kì í fẹ́ tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sórí ìkànnì yín, kò sì jẹ̀bi. Paystack àti Flutterwave, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀nà tí oníbàárà fi lè fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ̀, kí ìkànnì sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé owó ti wọlé. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí i sílẹ̀. Kí ẹ sì fi àwòrán ìsọ̀ yín ní Ìtọ́kù síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti ibi tí ènìyàn lè bá yín. Ọmọ Nàìjíríà máa ń wá ibi tó lè lọ jà sí bí nǹkan bá bàjẹ́, kó tó sanwó.

Ẹ tún béèrè nípa bó ṣe rí lójú. Ọ̀nà kan wà fún ìyẹn tí kò gba àkókò: ẹ fi ojú ewé kìíní han ẹnì kan fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ gbà á kúrò, kí ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti pé kí lo rántí. Bó bá ní "obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ó wọ góòlù," tí kò dárúkọ aṣọ, ẹ gbé aṣọ síwájú, kí ẹ gbé obìnrin náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé fóònù jáde sínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ gbìyànjú láti ka iye owó. Lẹ́tà eérú lórí funfun wà lóde báyìí, ó sì ń pa àwọn tó ń tajà lára. Ìlànà àgbáyé lórí bí ìkànnì ṣe lè rọrùn fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní WCAG, ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Ọmọ yín máa mọ bó ṣe lè wọ̀n ọ́n.

Ti èdè wa náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ" gàdàgbà, kí ẹ wò ó lórí oríṣiríṣi fóònù. Nínú ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, "ẹ" ní àyè tirẹ̀, àmọ́ "ẹ́" kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń so lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀. Bí fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tó yàn kò bá mọ̀ ọ́n so, àmì náà máa fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí lẹ́tà kan ṣoṣo nípọn ju àwọn yòókù lọ, kí ojú ewé náà wá dà bí ayédèrú. Noto Sans tí Google ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń so ó dáadáa. Ẹ dán àpótí ìwárí wò pẹ̀lú: ẹni tó bá tẹ "adire eleko" láìsí àmì kankan gbọ́dọ̀ rí ọjà náà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló máa dá a lóhùn pé kò sí.

Ti ìyára kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwòrán tí ẹ fi fóònù yà lè tó MB márùn-ún lẹ́yọ kan. Bí ogún irú rẹ̀ bá wà lójú ewé kan bẹ́ẹ̀, oníbàárà máa jó MB 100 kó tó rí aṣọ tó fẹ́. Ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì yín sí PageSpeed Insights ti Google, tó máa ń wọn ìyára ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wo abala ti fóònù. Google fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ewé ti jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Fún àwọn ará òkè òkun, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní London tàbí Houston, kí wọ́n pè yín ní fídíò WhatsApp, kí wọ́n sì fi ojú fóònù wọn hàn yín bí wọ́n ṣe ń rajà. WhatsApp ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2023. Wọ́n máa béèrè ohun tí ará Èkó kò ní béèrè láéláé: èló ni ní pọ́n-ùn tàbí dọ́là, ọjọ́ mélòó ló máa gbà, ta ló máa san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ṣé yáàdì márùn-ún máa tó ìró àti bùbá. Àwọn kan á fẹ́ mọ̀ bóyá àdìrẹ tòótọ́ ni tàbí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ fi fídíò ọwọ́ aláró tì í.

Bí ìkànnì bá ti ń rí èrò díẹ̀, ọmọ yín lè fi Microsoft Clarity sí i. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó máa ń fi ibi tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ hàn, àti ibi tí wọ́n ti sá. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún àwọn tó ń wọlé pé ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní tirẹ̀.

Tí èsì bá ti jọ, ẹ ya ohun tí wọ́n ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó ní kí ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ di búlúù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má ṣe é. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá há síbì kan náà, kódà bí gbogbo wọ́n bá ní ó rọrùn, kí ọmọ yín tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì fi ẹnu ara yín ròyìn fún un, torí ó lè dà bí ìbáwí. Ẹ jẹ́ kó wo fídíò náà fúnra rẹ̀. Mi ò tíì rí ọmọ tó mọ iṣẹ́ tó wo obìnrin kan tó ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lásán, tí kò ní ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láì jẹ́ pé a rán an.

Ní ti ₦150,000, ẹ má tíì san án. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó ra dátà fún ènìyàn mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ ti tún un ṣe, tí àwọn ènìyàn sì ṣì ń há síbi tí ẹ̀yin àti ọmọ yín kò mọ ohun tó fà á, ẹ lè pe ilé-iṣẹ́ náà padà. Ẹ bi wọ́n pé ènìyàn mélòó tó ń ra aṣọ ni wọ́n máa jókòó tì, àti bóyá wọ́n máa kó fídíò rẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ ìwé tí ẹ̀rọ kọ jáde ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, tó kún fún pupa àti àwọ̀ ewé, PageSpeed Insights ti fún yín ní irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.